Ìbọn Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ọdẹ

Nígbà tí àwọn ọdẹ mẹ́ta wọ àgbàlá Motúnráyọ̀, ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ń ké lọ́wọ́, kò sì pa á. Ó rí wọn. Ó rí fìlà wọn, ó rí páálí mólítì tí èyí tó kéré jù nínú wọn gbé lé èjìká, ó sì tún bu tàtàṣé sí ẹnu ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ gidi í sọ, á dúró kí ata kúná.

Wọ́n dúró. Olúgbémiga, Olúọdẹ wọn, ló wà níwájú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oǹdó, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í tò bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o. Bàbá Goodness ńkọ́?"

"Ó wà nínú ilé. Ojú kan ló fi ń sùn báyìí."

Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Ìyàwó wa," Olúgbémiga tún ní, "omi tó bá ti dànù kò ṣe é kó mọ́. Ahọ́n àti eyín ń jà, wọn ò sì kó kúrò lẹ́nu. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo àwa ọdẹ. Adélaní ní kí a bá òun bẹ̀ ọ́, ó ní..."

"Adélaní ò ní ẹsẹ̀ ni?"

"Àkúrẹ́ ló wà, iṣẹ́ ìjọba kì í jẹ́..."

"Ó rí ẹsẹ̀ wá yìnbọn. Olúọdẹ, ojú ọkọ mi kì í ṣe omi. Ojú ni. Ìjáde kejì di Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Lọ́jọ́ náà, ṣé ara ògiri ilé ọdẹ ni ìbọn Adélaní máa wà, àbí ọwọ́ rẹ̀?"

Olúgbémiga wo ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ òwe mìíràn, nípa igi tó wọ́ àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́ ọ. Motúnráyọ̀ fi okùn yí ojú ẹ̀rọ, ó fà á, ẹ̀rọ bú sí igbe, òwe sì kú sí Olúgbémiga lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe jáde, Motúnráyọ̀ gbé páálí mólítì náà fún àwọn ọlọ́kadà tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Kò mu ọ̀kan níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ òfin Omi Àtòrì kò ní mọ ìdí tí inú obìnrin yìí fi ń ru bẹ́ẹ̀. Adágún ni Omi Àtòrì, ó wà lẹ́yìn àwọn oko kòkó kan lẹ́bàá Oǹdó. Adìẹ odò ló pọ̀ níbẹ̀, ẹyẹ dúdú tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ata ṣọ̀mbọ̀, tó máa ń mirí bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọdẹ á ṣí omi, wọ́n á máa jáde lọ pa á nírọ̀lẹ́. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ọdẹ tó bá ti dé etí omi gbọ́dọ̀ súfèé, bí ẹlòmíràn bá sì súfèé, ó gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, kí oníkálukú lè mọ ibi tí ẹnì kejì wà. A kì í yìnbọn sí ẹyẹ tó bá jókòó lórí omi. Kí ó fò ná. Ọta tó bá fi ẹ̀gbẹ́ kan omi kì í rì, ńṣe ló máa ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọdé máa ń jù sódò, ẹni tó wà lódìkejì ló sì máa bá. Lẹ́yìn ìyẹn, ìhà ibi tí eèsún hù sí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Inú eèsún yẹn ni adìẹ odò ń yé sí. Ọdẹ kì í wọ ibẹ̀, kì í mú ẹyin, kì í mú ọmọ, kí ẹyẹ má baà tán lódò.

Ẹni tó bá rú òfin, wọn kì í lù ú, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbọn rẹ̀ ni wọ́n á gbà, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri ilé ọdẹ títí wọ́n á fi tún ṣí omi lọ́dún tó ń bọ̀. Ojú sì máa ń ti ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ wà lára ògiri ju ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí adìẹ aládìẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn, tàbí ará ilé rẹ̀, ni í lọ gba ìbọn náà wá. Bí kò bá gbà á wá kí ìjáde kejì tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kú nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí omi lọ́dún yìí, Adélaní yìnbọn sí adìẹ odò tó jókòó. Ọta ta lórí omi, ọ̀kan wọ Rufus, ọkọ Motúnráyọ̀, lójú òsì. Dókítà yọ ojú náà. Wọ́n ní Rufus dúró jẹ́ẹ́ tirẹ̀ ní gbangba létí omi. Àwọn ọdẹ ló gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì gbé àpò ọdẹ rẹ̀ wálé fún ìyàwó rẹ̀. Ẹyin bíi mélòó kan wà nínú àpò náà, wọ́n ní àmì tóótòòtó lára. Motúnráyọ̀ rò pé ẹyin awó tó rí he lóko ni. Ó sè wọ́n, ó jẹ díẹ̀, ó sì di ìyókù lọ fún Rufus lórí bẹ́ẹ̀dì. Rufus ò jẹ ẹ́. Ó ní ẹnu òun korò.

Ohun tó ń bí Motúnráyọ̀ nínú jù ni pé Rufus fúnra rẹ̀ ò fẹ́ gba ìbọn.

"Ayọ̀, fi sílẹ̀," ó ní lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọdẹ wá. Ó dojú kọ ògiri, ó fi ẹ̀gbẹ́ tí báńdéèjì wà sókè.

"Kí n fi sílẹ̀ nítorí kí ni?"

"Ọlọ́run á dájọ́."

"Ọlọ́run ò sí nínú ẹgbẹ́ ọdẹ. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin yín, ẹ̀yin ni kí ẹ dá a."

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

"Ta ló ń fi omi gbígbóná nu ojú náà láràárọ̀? Ṣé ọkùnrin ni?"

Rufus fa aṣọ bora. Ìbọn ṣakabùlà tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ wà lókè orí ibùsùn, lórí ìṣó méjì, ó ń dán. Ọkùnrin tó ń fi ojú kan ríran ṣì máa ń ní kí ìyàwó òun bá òun gbé e sọ̀ kalẹ̀ kí òun fi epo nù ún.

Nígbà tí Sátidé mọ́, Motúnráyọ̀ ò tan ẹ̀rọ. Ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́. Dẹ́rẹ́bà ń bá èrò sọ̀rọ̀, èrò ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, òun ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ti pinnu pé bí Adélaní bá ní òun ò gbé ìbọn sílẹ̀, òun á jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kò sì ní rọ́nà lọ sí ìjáde kankan. Ó sanra tó láti dí ẹnu ọ̀nà.

Ní àdúgbò Òkè Àró ní Àkúrẹ́, ó bá Adélaní níta, ó ń kó nǹkan sínú ọkọ̀. Ó ti wọ kakí ọdẹ, ìbọn rẹ̀ ẹlẹ́nu méjì sì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn nínú àpò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ò jẹ́ kó ráyè wá bẹ ẹni tó fọ́ lójú nìyẹn.

"Háà, Ìyá Goodness!" Ó yára dọ̀bálẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ma. Sherifat, wá wo àlejò wa! Ẹ wọlé, Ma, ẹ jẹ́ ká wá nǹkan jẹ."

"Ìbọn ni mo wá gbà."

"Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná. Ẹ wò ó, Ma, láti ọjọ́ yẹn, oorun ò kun ojú mi. Mò ń gbàdúrà fún yín láràárọ̀."

"Ojú wo ni àdúrà náà hù?"

Sherifat, ìyàwó rẹ̀, jáde pẹ̀lú ife omi tútù. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó di ìbòrí. Ó kúnlẹ̀, ó na omi, Motúnráyọ̀ ò gbà á. Ó gbé ife náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àlejò, kò sì wọlé padà.

"Ìyá Goodness," Adélaní ní, "àwọn àgbà ti dá sí i. Olúọdẹ ti ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ ìfẹ́. Ìfẹ́ ló lè..."

"Ìfẹ́ ò sí nínú òfin Omi Àtòrì. Ẹyẹ tó jókòó, o yìnbọn sí i. Mú ìbọn wá, kí n máa lọ. Mo ní ata í lọ̀."

"Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí!"

"Fi yé mi."

Adélaní wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó wo gbogbo ibi tí Motúnráyọ̀ ò sí.

"Sọ fún un," Sherifat ní.

"Ìwọ, wọlé."

"Mi ò wọlé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ìwọ àti Olúọdẹ yín, ẹ̀ ń fi obìnrin náà ṣe òmùgọ̀. Sọ fún un, àbí kí n sọ ọ́."

Adélaní fìbínú sọ páálí ọta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ìjókòó. Gbogbo dídùn tó wà lẹ́nu rẹ̀ gbẹ.

"Ó dáa. Níbo ni wọ́n ní ọkọ yín dúró sí lọ́jọ́ náà?"

"Létí omi, ní gbangba. Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ ni. A jọ pa á ni. Inú eèsún ni mo ti gbé ọkọ yín jáde, èmi gan-an, lórí ẹ̀yìn mi, omi dé ìbàdí mi. Mo súfèé kí n tó yìnbọn, mo tún súfèé. Kò dáhùn. Ẹni tó ń jí ẹyin kì í súfèé. Òun ló bẹ̀ wá kí a má sọ. Ó ní bí a ò bá ti sọ tòun, òun náà ò ní gba ìbọn mi. Olúọdẹ ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ó tán. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò mọ̀, Ìyá Goodness. Gbogbo ọdẹ Oǹdó ló mọ̀."

Motúnráyọ̀ dúró. Ẹyin tó sè ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ẹyin awó máa ń le, a máa ń wá nǹkan lù ú ni. Àwọn yẹn, èékánná lásán ló fi bó wọn. Ó rántí pé ó yà á lẹ́nu díẹ̀, ó sì jẹ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó rántí pé Rufus yí ojú kúrò nígbà tí ó gbé wọn sí i lẹ́nu. Ẹnu òun korò, ó ní. Ẹnu rẹ̀ máa korò!

Inú tó ń bí i láti ọjọ́ yìí ò kúrò. Ó kàn fẹ̀ ni, ó gba ènìyàn mìíràn sí i.

"Adélaní."

"Ma."

"Nígbà tí o yìnbọn, ṣé ẹyẹ náà jókòó àbí ó ń fò?"

"Ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni? Ọkọ yín..."

"Mo gbọ́. Ṣé ó jókòó àbí ó ń fò?"

Adélaní yíjú sí ọkọ̀, ó ń di okùn àpò ìbọn rẹ̀. Sherifat ló dáhùn. "Ó ní ó jókòó. Ó sọ fún mi pé ó jókòó."

"Nígbà náà, mo wá gba ìbọn."

"Bí mo bá gbé tèmi sílẹ̀," Adélaní ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, "ta ló máa gba ti ọkọ yín? Àbí ẹ̀yin náà máa fi ìyẹn pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Wọ ọkọ̀. Oǹdó lo ṣáà ń lọ tẹ́lẹ̀. Wà mí lọ, kí o wá wò ó."

Obìnrin kò ṣáà lè gbé ìbọn wọ bọ́ọ̀sì lóde òní. Báyìí ni òun àti ẹni tó fọ́ ọkọ rẹ̀ lójú ṣe jọ jókòó sínú ọkọ̀ kan náà láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, tí ìbọn sùn sẹ́yìn wọn bí ọmọ. Adélaní fi orin ìyìn sí i. Motúnráyọ̀ na ọwọ́, ó pa á. Níbi tí àwọn ọlọ́pàá dúró sí, ọ̀kan yọjú wọlé, ó wo ìwé ìbọn, ó wo Motúnráyọ̀.

"Màmá, ẹ̀yin náà ń ṣọdẹ?"

"Ọmọ ènìyàn ni mò ń dọdẹ lónìí."

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín títí. Nínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n dé, ó ní kí Adélaní dúró síta. Rufus jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ ìró ọkọ̀, ó gbọ́ ohùn. Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe wọlé tó gun àga, tó nawọ́ sí ìbọn ṣakabùlà, ó ti mọ̀.

"Ayọ̀ mi," ó ní.

"Má pè mí ní Ayọ̀."

"Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ."

"Ẹyin wo ni mo jẹ, Rufus?"

Rufus dorí kodò. "Kì í ṣe èmi nìkan," ó ní jẹ́jẹ́. "Gbogbo wa la máa ń wọ ibẹ̀. Àwọn àgbà gan-an ń wọ ibẹ̀."

"Mo fi ẹnu mi pariwo káàkiri ọjà pé ọkọ mi dúró ní gbangba. Mo bú Olúọdẹ. Mo bú ìyàwó Adélaní lójú àlá. Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín nínú. O sì sùn síbí, ò ń sọ pé Ọlọ́run á dájọ́!"

"Mi ò fẹ́ kí ìbọn bàbá mi wà lára ògiri. Nítorí rẹ̀ ni. Wọn ò gbé ti bàbá mi kọ́ síbẹ̀ rí, títí ó fi kú."

"Bàbá rẹ ò jí ẹyin."

"Mo ti pàdánù ojú, Motúnráyọ̀. Ṣé kò tíì tó?"

Ọ̀rọ̀ yẹn mú un díẹ̀. Ó dúró lórí àga, ìbọn lọ́wọ́. Ó wo ojú kan tó kù náà, omi ń bọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Rufus pariwo mọ́ ọn ni, ìbá rọrùn.

"Gbèsè ojú tó lọ, Adélaní ló jẹ ẹ́," ó ní. "Gbèsè ẹyin ni ìwọ jẹ. Mi ò lè gba ti ẹnì kan kí n fi ti ẹnì kejì sílẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jáde.

Ilé ọdẹ kò jìnnà. Yàrá gbọọrọ kan ni, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, obìnrin kì í sì wọ inú rẹ̀. Oòrùn ti ń yí, àwọn ọdẹ ti pé sínú, wọ́n ń di àpò, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Motúnráyọ̀ gba ìbọn ẹlẹ́nu méjì lọ́wọ́ Adélaní, ó tẹ́ ẹ gbọọrọ sí ìloro ẹnu ọ̀nà. Ó tẹ́ ṣakabùlà ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Inú ilé dákẹ́ ṣíí.

Ọdẹ kì í fi ẹsẹ̀ ré ìbọn kọjá. Wọ́n gbà pé ìbọn tí ènìyàn bá ré kọjá á kọjú sí olówó rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ìyàwó wa," Olúgbémiga ní láti inú ilé, "kí lèyí?"

"Èyí jẹ́ ti Adélaní, ó yìnbọn sí ẹyẹ tó jókòó. Èyí jẹ́ ti Rufus ọkọ mi, ó wọ eèsún, ó kó ẹyin, èmi náà sì jẹ nínú rẹ̀. Ẹ gbé wọn kọ́."

"Ṣé o rí i," Olúgbémiga bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ bí epo, "ọlọgbọ́n ni í yanjú ọ̀ràn láì fọ́ igbá, láì fọ́ àwo. Ẹ̀ṣẹ̀ yìí dojú kọ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Òṣùwọ̀n méjèèjì dọ́gba. Bí a bá ní kí ọ̀kan pa ìkejì rẹ́..."

"Kò pa nǹkan kan rẹ́. Ojú ọkọ mi ò padà. Ẹyin ò padà sínú eèsún. Olúọdẹ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ wá dì í pọ̀ mọ́ òwe, ẹ gbé mólítì tì í. Ìbọn wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, kó ré e kọjá."

Kò sí ẹni tó mira. Ọdẹ kan tó wà lẹ́yìn ní, "Oòrùn ń lọ o." Òmíràn ní, "Obìnrin yìí mà burú o."

"Mo burú," Motúnráyọ̀ dá a lóhùn. "Kí ìwọ tó dára wá ré e kọjá. Rufus sọ fún mi pé òun nìkan kọ́ ló ń wọ eèsún. Ṣé kí n máa bi yín lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Ìkùnsínú tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kú lójú kan náà. Àwọn kan ń wo bàtà wọn. Olúgbémiga alára ń wo àjà, kò sì sí nǹkan kan lájà.

Adélaní ló ṣe é níkẹyìn. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Motúnráyọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìbọn tirẹ̀, ó nà án sí Olúọdẹ. "Ẹ gbé e kọ́, Bàbá," ó ní. "Ó jókòó. Mo rí i pé ó jókòó." Ohùn rẹ̀ kò ní adùn kankan. Ìgbà náà nìkan ni Motúnráyọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu rẹ̀.

Olúgbémiga gbé ìbọn náà kọ́. Ó padà wá gbé ti Rufus, ó fi ọwọ́ nù ún díẹ̀, nítorí ó mọ bàbá Rufus dáadáa. Ó gbé ìyẹn náà kọ́. Àwọn ọdẹ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò kí Motúnráyọ̀. Òun náà ò kí wọn.

Nígbà tó dé ilé, àwọn obìnrin mẹ́ta ti ń dúró ti ìsọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bàsíà ata, wọ́n ń kùn. Ó tan ẹ̀rọ. Ó lọ ata títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà ó gbé oúnjẹ wọlé fún Rufus, iyán àti ọbẹ̀ ẹja. Rufus ń wo ìṣó méjì tó ṣófo lókè ibùsùn.

"Ta ni mo tún jẹ́ báyìí?" ó ní. "Ọdẹ tí kò ní ìbọn."

"Jẹun."

"Ọdún kan gbáko, Motúnráyọ̀."

"Ọdún á yípo. Bí wọ́n bá dá a padà fún ọ, tí o sì dé etí omi, súfèé." Ó ti àwo náà sún mọ́ ọn, sí ẹ̀gbẹ́ tí ojú tó ríran wà. "Ẹyin èyíkéyìí, láti òní lọ, ìwọ ni wàá máa bó o fún ara rẹ. Jẹun."